Ta Ni Ó Ni Orin Kọ́ńtírì?
Ní 2015, Keith Hill, agbaninímọ̀ràn ilé-iṣẹ́ rédíò ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n dín orin kọ́ńtírì àwọn obìnrin kù: ọkùnrin ni ewé inú sàláàdì, obìnrin ni tòmátì. Ìdí tí ó rò ni pé ohun tí olùgbọ́ fẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n báwo ni ènìyàn yóò ṣe fẹ́ràn ohun tí a kò jẹ́ kí ó gbọ́? Ní 2024, Beyoncé di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ipò kìn-ín-ní lórí àtẹ orin kọ́ńtírì Billboard. Àwọn kan pè é ní àlejò. Bẹ́ẹ̀, àwọn Áfíríkà tí a kó lẹ́rú ni ó mú báńjò dé ibẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.