Kí Ló Dé Tí Àwọn Àgbà Kì Í Rẹ́rìn-ín Nínú Fọ́tò?

Láti Òkèrèwè, ní Ilé-Ifẹ̀, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà onígi àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Àpótí igi ni, lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́ǹsì tí wọ́n fi idẹ yí ká wà níwájú, gíláàsì wà lẹ́yìn. Láàárín wọn ni awọ tó ń ká, tó ń nà, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Fótògíráfà á da aṣọ dúdú borí, á rí yín lórí gíláàsì yẹn, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Á fà á síwá-sẹ́yìn títí àwòrán á fi mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà, á fi gíláàsì oníkẹ́míkà síbẹ̀, á ṣí ìdérí lẹ́ǹsì, á sì tún dé e.

Ní 1840, Joseph Petzval ṣe ìṣirò lẹ́ǹsì kan ní Vienna tó ń gba ìmọ́lẹ̀ gan-an. Ojú ẹni tó jókòó á mọ́ kedere, etí àwòrán á ṣe bàìbàì. Irú nǹkan yìí ni "portrait mode" ń fi ìṣirò ṣe lórí fóònù yín, torí lẹ́ǹsì fóònù kéré jù láti dá a ṣe.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní kámẹ́rà yìí ló jẹ́ kí àwọn àgbà le ojú: ó lọ́ra, ẹ ò sì gbọdọ̀ mira. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí iṣẹ́ àwọn fótògíráfà Yorùbá, títí kan ti Ìlá-Ọ̀ràngún. Kámẹ́rà ti yára nígbà yẹn. Síbẹ̀, àwọn àgbà ṣì ń jókòó bákan náà: aṣọ ńlá, ọwọ́ lórí itan, ojú tààrà. Lẹ́ǹsì kọ́ ló pàṣẹ. Àwọn ló yàn án.

Ẹ wo àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní Wúnmọníjẹ̀, níbí ní Ifẹ̀, ní 1938. Ojú tútù, ẹnu pípadé. Ìwà ni wọ́n fẹ́ kó hàn, kì í ṣe ìdùnnú ọjọ́ kan.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé lóṣù tó kọjá, ẹnìkan gbé fọ́tò ìyá ìyá mi sórí WhatsApp ẹbí wa. App ti fún un lẹ́rìn-ín, eyín funfun báláú. Inú gbogbo èèyàn dùn, àfi àbúrò màmá mi. Wọ́n ní, "Èjí Màmá dà?" App ti dí i.

Ẹ gbọ́ o: tí ẹ bá fẹ́ ṣeré, ẹ fi ẹ̀dà ṣe é. Ẹ tọ́jú ojúlówó, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bi àgbà tó mọ ẹni náà léèrè nígbà tó ṣì wà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ yín á máa kí ẹni tí kò sí rí ní "Màmá àgbà."

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.