Ìdánwò Tí Kò Ní Ìdààmú Nínú

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ọdún 2019, bàálù Boeing 737 MAX kan tí í ṣe ti Ethiopian Airlines gbéra ní Addis Ababa, ó forí lé Nairobi. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni ó lò lófurufú kí ó tó já. Ènìyàn 157 ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó yè é. Ọmọ ilẹ̀ wa méjì bá a lọ: Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adesanmi, òǹkọ̀wé, ọmọ Yàgbà, àti Abiodun Bashua, tí ó ti ṣe aṣojú ìjọba wa ní ilẹ̀ òkèèrè. Kò tí ì pé oṣù márùn-ún ṣáájú ìgbà náà tí irú bàálù yìí kan náà já sínú òkun ní Indonesia, tí ó sì pa ènìyàn 189.

Ohun tí ó fa ewu náà ti hàn sí gbogbo ayé. Àwọn tí ó kọ́ bàálù náà fi ẹ̀rọ kan sínú rẹ̀ tí ń dá ṣiṣẹ́, tí yóò máa tẹ imú bàálù wálẹ̀ nígbà tí imú náà bá ga jù. Ẹnu ohun ìwọ̀n kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yìí ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ méjèèjì, ohun ìwọ̀n náà purọ́. Ẹ̀rọ gba irọ́ náà gbọ́, ó sì ń tẹ imú bàálù wálẹ̀ léraléra bí àwọn awakọ̀ ti ń gbìyànjú láti gbé e sókè. Ǹjẹ́ a kò dán an wò kí a tó kó èrò sí i ni? A dán an wò. Bí a ti dán an wò ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Ní ọdún 1929, Edwin Link, ọmọ ẹni tí ń ṣe dùùrù ní Amẹ́ríkà, ṣe àpótí kan tí ó dúró lórí ilẹ̀, tí ó ń fi agbára ẹwìrì yí síhìn-ín, tí ó ń tẹ̀ sọ́hùn-ún bí ọkọ̀ òfurufú. Nínú irú ẹ̀rọ àfarawé bẹ́ẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ti ń kọ́ṣẹ́ láìfi ẹ̀mí wewu. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ń kọ́ ọkọ̀ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ wọn bá ọwọ́, ojú àti ọkàn ọmọ ènìyàn mu.

Ẹ̀kọ́ náà ti pẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn awakọ̀ ọkọ̀ ogun B-17 a máa ṣèèṣì ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà kò lẹ́yìn tí ó bá ti balẹ̀ tán. Awakọ̀ ni a ń dá lẹ́bi. Ní ọdún 1943, Alphonse Chapanis, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá, rí i pé ọ̀pá tí ń ká ẹsẹ̀ àti ọ̀pá tí ń ṣí abala apá ọkọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì jọra. Ó fi rọ́bà roboto bíi táyà sí orí ọ̀kan, ó sì fi ohun tí ó rí bí apá sí orí èkejì. Ọwọ́ kò ní ẹ̀bi. Èèkù ni ó ṣi ọwọ́ lọ́nà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àjọ NTSB, tí ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, sọ bí ìdánwò 737 MAX ti rí. Boeing fi awakọ̀ sínú ẹ̀rọ àfarawé, wọ́n sì jẹ́ kí imú bàálù ṣàdédé máa tẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ohun ìwọ̀n tí ń purọ́ sínú ìdánwò náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, àwọn ìkìlọ̀ tí irọ́ náà ń fà kò dún sí etí ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ ìjàǹbá, ọ̀pá ìdarí ń gbọ̀n lọ́wọ́ awakọ̀, oríṣiríṣi ìkìlọ̀ sì rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí ó wa ti Indonesia kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rọ náà wà, nítorí a kò kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́ni wọn.

Lónìí, awò kan wà tí a ń dé mọ́ ojú, tí yóò fi ènìyàn sínú iyàrá ìdarí ọkọ̀ tí a kò tí ì gé irin rẹ̀. Yóò nawọ́, yóò wò bóyá ọwọ́ òun tó ọ̀pá, bóyá ojú òun rí iná ìkìlọ̀. Ohun rere ni, nítorí àtúnṣe àwòrán rọrùn ju àtúnṣe irin lọ. Ṣùgbọ́n àwòrán kò lè fi ohun tí a kò fi sínú rẹ̀ hàn wá. Bí a bá kó ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí ó ti mọ̀ pé ìdánwò ni, sínú rẹ̀, ìdáhùn ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni yóò fún wa.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, Amẹ́ríkà tún fún 737 MAX láyè láti fò. Ẹ̀rọ náà ti ń fi ọ̀rọ̀ ohun ìwọ̀n méjì wéra, a sì pa á láṣẹ pé kí awakọ̀ kọ́ ọ nínú ẹ̀rọ àfarawé. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí 346 ti lọ.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bàálù Boeing 737 pọ̀ lójú ọ̀run láàárín Èkó àti Àbújá, àwa kọ́ ni a sì ń kọ́ wọn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn aláṣẹ wa bá ń fọwọ́ sí ẹ̀rọ tí yóò gbé ẹ̀mí wa, kí wọn má ṣe béèrè pé, “Ǹjẹ́ ẹ ti dán an wò?” nìkan. Kí wọn béèrè pé, “Ta ni ẹ fi dán an wò, irú ọjọ́ wo sì ni ọjọ́ náà?”