Ẹ Má Fi Sìgá Ṣínu

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà, tàbí Pen Cinema l'Ágége, nígbà ìṣínu, yóò rí i: dábínù kan, omi díẹ̀, ó di iná sìgá. Ẹni tó ti rọ́jú fún nǹkan bíi wákàtí 13 o!

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń ṣe lẹ́nu. Eyín tó ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kékeré nìyẹn. Nikotíìnì inú tábà máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ erìgì pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ibẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, erìgì tó ń ṣàìsàn lè má ṣẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, amusìgá á sì máa sọ pé, "Èmi? Erìgì mi le kókó!" Abẹ́ ibẹ̀ ni àrùn ti ń jẹ egungun tó di eyín mú. Ìgbà tí eyín bá ń mì, tí ẹran jíjẹ di ìjà, ni yóò tó mọ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ̀kan, ojú egbò rẹ̀ kì í tètè jinná. Jẹjẹrẹ ẹnu náà ń bẹ níbẹ̀, a ò ní fi ìyẹn pamọ́.

Àwọn kan á ní àwọn ń run orín. Orín dára, súnnà Ànábì wa ni (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta sábẹ́ erìgì, dókítà eyín ló ń ha á kúrò.

Ẹni tó bá jáwọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ẹ̀jẹ̀ á tún máa dé erìgì. Ó lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nígbà náà. Kó má torí ìyẹn sá padà sídìí sìgá. Egungun tó ti lọ kì í ṣàdédé hù padà, ṣùgbọ́n eyín tó kù lè dúró.

Ẹ̀yin ìyá oníkíóósì, ẹ jọ̀ọ́: òfin ìjọba àpapọ̀ ọdún 2015 kò gbà kí ẹ máa ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. A mọ̀ pé ọjà ni, àmọ́ ẹyọ kan yẹn ló ń mú ọmọ iṣẹ́ tí owó ọwọ́ rẹ̀ ò tó páálí.

Ojú àwẹ̀ yìí dára fún jíjáwọ́. Ara ti fara da ọ̀sán. Láti ìṣínu sí sàárì ló kù. Bó bá ti ṣínu, kó bọ́ sí ìrun Màgáríbì kíá, kó bá ẹni tí kì í mu sìgá lọ sí tàráwíhì. Ìfẹ́ sìgá á gùn ún fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì rọlẹ̀. Àwọn dókítà eyín wà ní LASUTH, Ìkẹjà níbẹ̀. Tó bá débẹ̀, kó sọ fún wọn pé òun ń mu sìgá, kó má bò ó.