Àwọn Tó Ń Tọ́jú Arúgbó Tó Ń Gbàgbé

Súratu Nahl, áyà 70, ti sọ̀rọ̀ àgbà tí kò ní mọ ohun tó ti mọ̀ rí mọ́. Kì í ṣe àjẹ́ o! Àìsàn inú ọpọlọ ni. Láti 1992 ni àwọn dókítà Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ ní Ìdíkàn.

Ní Èjìgbò wa yìí, ọmọ mẹ́rin lè wà ní Àbíjàn, kó jẹ́ ìyàwó ilé kan ṣoṣo ni yóò máa ṣọ́ ìyá tó ń bi í pé, "Ìwọ ta ni?" Owó ń wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó kì í bá ni ṣọ́ arúgbó lóru.

A ń wá ẹni méjì ní mọ́sáláṣí kọ̀ọ̀kan, físàbílílláhì, tí yóò máa kó irú wọn jọ lẹ́yìn Asri ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n lè sọ tinú wọn. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá jẹ́ dókítà. Ẹni tó létí ìgbọ́rọ̀, tí kì í tú àṣírí, la ń fẹ́. Ẹ rí lémọ́mù àdúgbò yín kí ààwẹ̀ tó parí.