Ìwé Ẹ̀rí Olùgbaninímọ̀ràn Ilé-Ẹ̀kọ́: Ohun Tí À Ń Béèrè àti Ohun Tó Yẹ Ká Béèrè

Ẹni tí a máa pè ní olùgbaninímọ̀ràn ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, kí la gbọ́dọ̀ rí lọ́wọ́ rẹ̀ kí á tó jẹ́ kó wọ kíláàsì máásítà ìgbaninímọ̀ràn, kí sì la gbọ́dọ̀ rí kí á tó jẹ́ kó jáde? Èrò tèmi ni pé ẹnu ọ̀nà àbáwọlé la ń ṣọ́ jù. Ẹnu ọ̀nà àbájáde la fi sílẹ̀ gbayawu.

Ìbàdàn gan-an ni iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní 1959, àwọn Sístà ìjọ Kátólíìkì ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, ké sí nǹkan bí ogún ènìyàn tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra ní Ìbàdàn pé kí wọ́n wá bá àwọn ọmọbìnrin kíláàsì àṣekágbá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Àkọsílẹ̀ sọ pé nínú 60 ọmọ tó jáde, 54 ló rí iṣẹ́. Ẹ rántí àsìkò náà: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1955, òmìnira ti ń kanlẹ̀kùn, ipò tí àwọn Òyìnbó fẹ́ kúrò níbẹ̀ sì ń wá ẹni tó máa jókòó sí i. Ìrírí iṣẹ́ wọn ni àwọn tó wá sọ̀rọ̀ náà fi wá, kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìgbaninímọ̀ràn. Nígbà tó di 1976, wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùgbaninímọ̀ràn, tí a mọ̀ sí CASSON, sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1977, ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè sọ pé kí á yan àwọn olùgbaninímọ̀ràn sí ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ iṣẹ́ tó wà níwájú wọn, àti nítorí ìwà àwọn ọmọ tí kò bá ilé-ẹ̀kọ́ mu.

Báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ẹnu ọ̀nà àbáwọlé. Ẹni tó bá ń wá máásítà yìí á mú kírẹ́díìtì márùn-ún jáde nínú èsì WAEC tàbí NECO, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò á sì wà níbẹ̀. Oyè àkọ́kọ́ rẹ̀ á jẹ́ ìpele kejì, ó kéré tán ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Bí oyè náà kò bá jẹ́ ti ìmọ̀ ẹ̀kọ́, wọ́n á ní kó lọ ṣe PGDE, ìyẹn dípúlómà ìmọ̀ ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ti gboyè, wá. Ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ wà, tránsíkírípìtì náà wà. Mi ò ní ká mú ọ̀kan kúrò. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà ṣe mọ̀wé tó ni gbogbo wọn ń sọ. Kò sí èyí tó sọ bóyá ó lè fetí sí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá fún ogún ìṣẹ́jú láìjá ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Bó bá wọlé tán, á gba tíọ́rì ìgbaninímọ̀ràn, ìdánwò tí a fi ń wọn òye àti ìwà ẹ̀dá, àti ọ̀nà ìwádìí. Á kọ àpilẹ̀kọ, á sì gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹni tó ń wo oyè ọ̀mọ̀wé lókè mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ gba 60 nínú 100 ní ìpíndọ́gba, nítorí náà ibi tí máàkì wà ni ọkàn ń lọ. Práátíkọ́ọ̀mù wà nínú ètò, ìyẹn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ gba ọmọ nímọ̀ràn lójú alábòójútó. Òun gan-an ni mo kà sí ọkàn oyè yìí, òun náà ló sì rọrùn jù láti tì sẹ́yìn: ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ buwọ́ lu ìwé, alábòójútó yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Ẹ fi wé iṣẹ́ ọwọ́: ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Dùgbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe fúrídọ̀ọ̀mù fún un nítorí pé ó ti mọ orúkọ gbogbo sítáìlì. Ó gbọ́dọ̀ ti gé aṣọ oníbàárà lójú ọ̀gá, kí oníbàárà wọ̀ ọ́, kí ọ̀gá sì sọ ibi tó ti gé e ṣì. Àwa tí à ń fi ọkàn ọmọ lé ènìyàn lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ béèrè ohun tó kéré sí ìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà, àjọ CACREP, tó ń yẹ irú ètò ẹ̀kọ́ yìí wò láti 1981, fi nọ́ńbà sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe wákàtí 100 ní práátíkọ́ọ̀mù, 40 nínú rẹ̀ á jẹ́ èyí tó fi jókòó ti ẹni tó ń gbà nímọ̀ràn. Lẹ́yìn náà, á ṣe 600 míì, tí 240 nínú rẹ̀ jẹ́ ìjókòó ojúkojú bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ká da 700 yẹn kọ. Ilé-ẹ̀kọ́ wa ò ní òṣìṣẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà tiwa sì lè kéré. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí nọ́ńbà wà, kó wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú déètì àti ìbuwọ́lù, kí ẹnikẹ́ni má gboyè láìpé e.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìjókòó ti ọmọ? Láti ìgbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ti wọlé ní 1982, ìparí JSS3 ni oríta àkọ́kọ́ tí ọmọ ti ń yan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọmọ tó tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí kíláàsì áàtì, tó wá dé SS3 tó ní nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe, á bá a pé bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì ni JAMB ń béèrè. Ọdún mẹ́ta ti lọ. Ìyẹn ṣì rọrùn, torí ọmọ náà lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń dùn ún. Ọmọbìnrin tí ẹni tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ń fọwọ́ kàn lọ́nà tí kò yẹ, ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì ni yóò gbé wá. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò bá tíì jókòó ti ọmọ rí lábẹ́ àmójútó ẹni tó mọṣẹ́, kọ́ọ̀sì ni yóò gbà á nímọ̀ràn lé lórí, á sì ní kó máa lọ. Òmíràn á gbọ́, á wá lọ sọ ọ́ ní yàrá àwọn olùkọ́. Bí a bá sì ti tú àṣírí ọmọ kan ṣoṣo, ìyókù ò ní yalẹ̀kùn náà mọ́. Ibi tó yẹ ká pa ọ̀rọ̀ ọmọ mọ́, àti ibi tí pípa á mọ́ yóò fi pa ọmọ lára, ẹnu iṣẹ́, lójú ẹni tó ti ṣe é rí, la ti ń mọ̀ ọ́n yà sọ́tọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀dọ̀ yín lọ̀rọ̀ kù sí. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí àwa olùkọ́ yunifásítì rán wá fún práátíkọ́ọ̀mù bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má fi wọ́n sí ìdí rẹ́jísítà, ẹ má sì ní kí wọ́n lọ di àyè olùkọ́ tí kò wá. Ẹ fún wọn ní yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Kí olùgbaninímọ̀ràn yín tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa wo ọwọ́ wọn. Èyí tí kò bá kúnjú ìwọ̀n nínú wọn, ẹ kọ̀wé sí wa bẹ́ẹ̀, àwa náà kò sì gbọdọ̀ buwọ́ lu oyè rẹ̀ títí yóò fi padà wá ṣe é pé.