Èdè Ilé Ni Ìwé Kíkà Ti Ń Bẹ̀rẹ̀
Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí ìyá ń bá sọ̀rọ̀ bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́, “Gbé apá sókè, ó ku ẹsẹ̀,” ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ. Tó bá dé ìdí ìwé, ohun tó ti gbọ́ rí ni yóò máa kà.

Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó dùn mí pé a ṣì ń bá ọmọ wí torí pé ó sọ Yorùbá. Lálẹ́ òní, ẹ pàlọ́ fún ọmọ yín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó tún un pa fún yín.