Àsọyé Olùkọ́: Ìgbà Tí Ó Wúlò àti Ìgbà Tí Kò Tó



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín kan iṣẹ́ tí àwa ń ṣe, èyíinì ni kíkọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, bí olùkọ́ bá ti wọlé ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, tí àwọn ọmọ yóò sì máa kọ ohun tí ó ń sọ sínú ìwé títí agogo yóò fi lù. Àwọn kan ń fẹ́ kí á mú àṣà yìí kúrò pátápátá. Àwa kò sí lára wọn. Ṣùgbọ́n a rí i pé à ń lò ó nígbà tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó.

Àsọyé ní iyì tirẹ̀. Kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé Yúróòpù ní nǹkan bí 1450, ìwé ṣọ̀wọ́n ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ibẹ̀, nítorí náà olùkọ́ a máa ka èyí tí ó wà sókè fún gbogbo ènìyàn. Bákan náà ni lónìí: ẹni tí yóò sọ bí Ọ̀yọ́ Ilé ti ṣe tú fún àwọn ọmọ kò lè ní kí wọ́n fi òye ara wọn wá a rí. Ó níláti sọ ọ́, kí ó sì sọ ọ́ dáradára.

Ṣùgbọ́n gbígbọ́ yàtọ̀ sí òye. Eric Mazur, tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ físíìsì ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, rí èyí gbangba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yin àsọyé rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ìṣirò tí ó le. Ní nǹkan bí 1990 ó wá bi wọ́n ní àwọn ìbéèrè tí kò ní ìṣirò nínú, irú bí èyí: bí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá bá kọlu ọkọ̀ kékeré, èwo ni ó fi agbára tí ó pọ̀ jù lu èkejì? Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé agbára méjèèjì dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni òfin Newton tí ó sọ ọ́ wà lẹ́nu wọn bí àdúrà. (Àwa tí a tún jẹ́ oníwàásù mọ irú gbígbọ́ bẹ́ẹ̀ dáadáa.) Láti 1991 ni ó ti yí ọ̀nà rẹ̀ padà: ó béèrè, olúkúlùkù dáhùn, wọ́n yí sí ẹni tí ó jókòó tì wọ́n, wọ́n jiyàn, wọ́n tún dáhùn, lẹ́yìn èyí ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé.

Ìwádìí tí ó tẹ́ wa lọ́rùn jù ni èyí tí Daniel Schwartz àti John Bransford gbé jáde ní 1998. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní àbájáde ìdánwò lórí ìrántí ènìyàn, pé kí wọ́n fúnra wọn wá ohun tí ó fara hàn nínú rẹ̀, kí wọ́n tó gbọ́ àsọyé. Àwọn mìíràn ka ìwé lórí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ ní ṣókí, wọ́n sì gbọ́ àsọyé kan náà. Àwọn ti ìṣáájú ni ó lè fi ẹ̀kọ́ náà ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwọn tí ó wádìí tí wọn kò sì gbọ́ àsọyé kankan kò ṣe dáradára rárá.

Àwọn baba wa mọ èyí. Ẹni tí ó pa àlọ́ àpamọ̀ kì í túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ yóò gbìyànjú, wọn yóò ṣì í, wọn yóò fi ara wọn ṣe ẹlẹ́yà. Ìgbà tí ó bá sú wọn ni yóò tó sọ ọ́, etí wọn yóò sì ti là sílẹ̀ dè é.

Olùkọ́ tí ó ní ọmọ 70 nínú yàrá kan yóò sọ pé kò sí àyè. Ọ̀nà Mazur kò gba owó. Ariwo ni ó gbà. Ìyẹn gan-an ni ó ń dẹ́rù ba àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tí à ń rán jáde, nítorí pé alábẹ̀wò a máa yin kíláàsì tí ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, bí ẹ bá ń kọjá lẹ́bàá fèrèsé tí ẹ sì gbọ́ tí àwọn ọmọ ń jiyàn, a bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí kí ẹ tó ránṣẹ́ pe ọ̀gá ilé-ìwé.